Nígbà Tí Ìkọ̀wé Àkọ́kọ́ Bá Kùnà: Ọ̀rọ̀ Ọpọlọ Ọkọ̀ àti Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Méjì

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ oríkì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ orúkọ ni a sábà máa ń kà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ náà ní èdè lẹ́nu. Àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya gan-an ni ó yẹ kí a ṣọ́ra jù, nítorí pé Yorùbá tí a gbọ́ nílé kò ju ti oúnjẹ, ìkíni àti ìbáwí lọ. Bí a kò bá fi èdè wa ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún ara wa, àwọn àbúrò wa yóò rò pé èdè náà kò lè wọ ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ àtúnkọ ọpọlọ ọkọ̀ wá. Láti ìgbà ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 ni àwọn kan nínú wa ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ní ìgboro, mo sì mọ̀ pé ohun kan ni ó ń kó jìnnìjìnnì bá gbogbo wọn: kí wọ́n kọ nǹkan sínú ọpọlọ ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ náà dá dúró ní ìdajì, kí ọkọ̀ má dáhùn mọ́, kí ẹni tó ni ín sì dúró tì wọ́n.

Ohun tí mò ń pè ní ọpọlọ ọkọ̀ ni àpótí pẹlẹbẹ tí gbogbo oníṣẹ́, ìbáà ṣe mẹkáníìkì Yorùbá, ti Ígbò tàbí bakanike Hausa, ń pè ní brain box. Kọ̀ǹpútà ni. Òun ni ó ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Àwọn òyìnbó ń pe àtúnkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní flash. Ẹ má ṣe rò pé flash ti orí fóònù ni o, èyí tí a fi ń pe ènìyàn tí a sì ń yára gé e kí wọ́n má baà yọ owó wa. Ti inú ọkọ̀ gba orúkọ rẹ̀ lára irú àká ìrántí kan tí Fujio Masuoka, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, fi han aráyé ní 1984.

Ìwà àká ìrántí yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. A kò lè kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí. A ní láti kọ́kọ́ pa apá kan rẹ́ pátápátá, odindi yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí a tó lè kọ ohun mìíràn síbẹ̀. Bí wàláà ọmọ kéú ni: wọ́n á fọ ẹ̀kọ́ àná dànù, wàláà á gbẹ, kí wọ́n tó kọ ti òní sí i. Ìgbà kan wà láàárín ìfọ̀ àti ìkọ tí wàláà náà kò ní ohunkóhun lórí, kò ní ti àná, kò ní ti òní. Bí iná bá lọ ní àkókò yẹn, tàbí tí wáyà já, ọpọlọ ọkọ̀ dà bí ọmọ tó gbé wàláà òfìfo lọ bá Áfà.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọpọlọ ọkọ̀ mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi ìwọ̀nba ètò kékeré kan sí igun àká náà, èyí tí àtúnkọ lásán kì í pa rẹ́. Bootloader ni orúkọ rẹ̀. Aṣọ́lé ni èmi ń pè é, nítorí pé òun ni ó ń ṣọ́ ilé nígbà tí gbogbo ẹrù bá ti jáde. Bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, aṣọ́lé ni ó ń kọ́kọ́ jí. Á wò ó bóyá ètò ńlá pé pérépéré. Bí kò bá pé, á jókòó síbẹ̀, á máa retí ẹni tí yóò kó ètò tuntun wọlé. Ọkọ̀ kò ní ṣáná, iná ẹ́ńjìnnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lè má tàn, síkánà lásán lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò tíì kú. Bí ẹ bá mú ohun kan ṣoṣo nínú àròkọ yìí, ẹ mú èyí: ìkọ̀wé tó kùnà kì í sábà pa ọpọlọ ọkọ̀. Ìpayà tó tẹ̀lé e ni ó ń pa á.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ìkọ̀wé àkọ́kọ́ ni ó ń kùnà jù? Ní ìgbà àkọ́kọ́, ètò ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ sì ní láti kó gbogbo rẹ̀ jáde kí wọ́n tó lè fi tiwọn síbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú púpọ̀ ni. Lẹ́yìn èyí, bí a bá fẹ́ tún epo tàbí iná ṣe díẹ̀, apá kékeré tí àwọn nọ́ńbà wà nìkan ni a óò kọ, ìyẹn kì í pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ yìí kan náà ni láísẹ́nsì irinṣẹ́ máa ń so mọ́ ọkọ̀. Ìgbà náà sì ni a kò tíì mọ àìsàn tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà gbé wá láti òkè òkun: bátìrì tó ti gbó, wáyà tí wọ́n ti gé tí wọ́n tún so, ẹ̀rọ atọpinpin tí wọ́n kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó yá, iṣẹ́ ti dá dúró ní ìdajì. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ má yọ wáyà. Ẹ má yọ orí bátìrì, bí ẹni tó ni ọkọ̀ tilẹ̀ ń sọ pé ohun tí bàbá òun máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì “kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i” títí ẹ ó fi ka ohun tí ojú kọ̀ǹpútà sọ. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tún máa ń kọ ìtàn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní log. Ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọṣẹ́ ṣe máa ń pa ojú ewé yẹn dé bí ẹni pé ẹ̀sùn ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé mítà sórí bátìrì. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ volt 12.6. Bí ó bá ti wálẹ̀ sí 12, ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ yóò wà ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́ láìsí ẹ́ńjìnnì tí yóò dá iná padà sí i. Ẹ̀rọ tí ń fúnni ní iná tó dúró ṣinṣin, láàárín volt 13 sí 14, ni ó dára jù. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ ń gbọ̀n lè ba iṣẹ́ jẹ́ ju bátìrì nìkan lọ. Níbi tí a sì wà yìí, ta ni yóò fi ọkàn tán iná ìjọba fún ìdajì wákàtí? Bátìrì kejì tó kún, tí a fi wáyà so pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ni mo rí i pé àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa ń lò. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀ tó dára, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má sùn. Ẹ pa AC, rédíò àti iná iwájú. Lára àwọn ọkọ̀ kan, fáànù radiator máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíkankíkan bí ọpọlọ ọkọ̀ bá ti wọ ipò àtúnkọ. Ó ń mu iná bí ràkúnmí ṣe ń mu omi. Bí ìwé irinṣẹ́ yín bá ní kí ẹ yọ fíúsì rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Bí iná bá dára, ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Ihò onítẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti 1996, ni ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà 16 ni iná bátìrì, 4 àti 5 ni ilẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí, 6 àti 14 ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá lórí ètò CAN tí Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986. Lára àwọn ọkọ̀ àgbà, pàápàá ọ̀pọ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù, nọ́ńbà 7 ni. Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ fi mítà wọn àárín 6 àti 14. Ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohm 60 lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí pé ohm 120 ni wọ́n fi sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ọ̀nà náà. Bí ẹ bá rí 120, apá kan ti já. Bí ó bá sún mọ́ òdo, àwọn wáyà méjèèjì ti fara kanra níbì kan, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tó so ẹ̀rọ atọpinpin ni ó fà á. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré aláìlówàyà tí wọ́n ń tà ní ọjà láti fi ka àṣìṣe ọkọ̀, kì í ṣe òun ni a fi ń kọ nǹkan sínú ọpọlọ rẹ̀.

Ọpọlọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìdí tí òun fi kọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ó fi ń sọ ọ́. Bí ẹ bá rí 7F nínú log, “rárá” ni ó ń wí. Èyí tó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ tí ẹ rán an, èyí tó gbẹ̀yìn ni ìdí. Bí ìdí bá jẹ́ 22, ipò ọkọ̀ kò bá iṣẹ́ náà mu. Bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tàbí gíà kò sí ní P. Bí ó bá jẹ́ 72, ìkọ̀wé inú àká fúnra rẹ̀ ni ó kùnà. 78 ni ó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Kì í ṣe àṣìṣe rárá: “mo ti gbọ́, ẹ ní sùúrù, mo ń ṣe é lọ́wọ́” ni ó ń wí, pàápàá nígbà tó bá ń pa yàrá ńlá kan rẹ́. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó fa wáyà yọ nígbà tí 78 ń jáde léraléra, ó ní kọ̀ǹpútà ti dákú.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló kù, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù, torí pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni à ń pè ní orúkọ kan náà.

Kọ́kọ́rọ́ kìíní jẹ́ ti ọkọ̀. Kí ọpọlọ ọkọ̀ tó gbà kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, á ju nọ́ńbà kan sí irinṣẹ́ bí ẹni pa àlọ́. Irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ìkọ̀kọ̀ já àlọ́ náà, kí ó sì dá èsì tó tọ́ padà. Iṣẹ́ 27 ni èyí. Bí ẹ bá rí 7F 27 35, èsì kò tọ́: ó sábà jẹ́ pé irú ọpọlọ ọkọ̀ tí ẹ yàn lórí irinṣẹ́ kọ́ ni ó wà nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá tún gbìyànjú láìyí nǹkan kan padà, 36 ni yóò kàn, ìyẹn ni pé ẹ ti gbìyànjú jù, lẹ́yìn náà 37, ìyẹn ni pé àkókò ìjìyà kò tíì pé. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ dúró. Lára àwọn ọkọ̀ kan, bí ẹ bá pa á, kíkà àkókò náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí owó tí ẹ lè san fún ẹnikẹ́ni tí yóò yanjú 35. Irú ọpọlọ tó tọ́ ni kí ẹ yàn.

Kọ́kọ́rọ́ kejì jẹ́ ti ọlọ́jà tó ta irinṣẹ́. Láísẹ́nsì ni, kò sì kan ọpọlọ ọkọ̀ rárá. Ọlọ́jà kan á so ó mọ́ nọ́ńbà sáṣíì, òmíràn á so ó mọ́ nọ́ńbà irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn HP Tuners ń ta kírẹ́díìtì tí a fi ń gba láísẹ́nsì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Accessport ti COBB máa ń fẹ́ ọkọ̀ kan bí ìyàwó, kò sì ní bá òmíràn ṣe títí wọn yóò fi dá ètò ilé-iṣẹ́ padà sínú ti àkọ́kọ́. Bí láísẹ́nsì bá kọ̀, nǹkan kéékèèké ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé òdo ni ẹ tẹ̀ àbí lẹ́tà O? Ṣé àlàfo kan kò wà ní ìparí nígbà tí ẹ kọ ọ́ láti orí WhatsApp? Déètì orí kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú lè máa rò pé ọdún 2009 la wà, láísẹ́nsì òde òní yóò sì ṣàjèjì sí i. Ní ti nọ́ńbà sáṣíì, ìrọ̀rùn wà: lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 17 ni, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀ láéláé. Ohunkóhun tó bá jọ O níbẹ̀, òdo ni.

Ibi tí wàhálà méjèèjì ti ń pàdé ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ní ọdún tó kọjá, ní ìsọ̀ kan tí mo máa ń yà sí, bàbá àgbàlagbà kan gbé Toyota Sienna wá. Ọkọ̀ náà ni ó fi ń kó èrò, òun ni ó fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Ìkọ̀wé àkọ́kọ́ dúró ní ìdajì. Ọmọṣẹ́ gbìyànjú láti tún un kọ, irinṣẹ́ sì sọ pé láísẹ́nsì kò bá ọkọ̀ yìí mu.

“Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti pa ọkọ̀ mi ni?” ni bàbá náà bi mí, bí ẹni pé èmi ni ọ̀gá.

“Rárá o, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa kọ́kọ́rọ́ yẹn.”

Ọmọṣẹ́ ti ń wá ẹni tí yóò ta láísẹ́nsì mìíràn fún un. Ọ̀gá rẹ̀ dé, kò pariwo, ó kàn béèrè pé, “Láàárọ̀ tí o kọ́kọ́ kà á, nọ́ńbà sáṣíì wo ló sọ? Ní báyìí ńkọ́?”

“Ọ̀gá, ní báyìí, òfìfo ni.”

Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò ńlá tó máa ń dáhùn ìbéèrè nọ́ńbà sáṣíì ti pa rẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Aṣọ́lé kò mọ nọ́ńbà ilé. Irinṣẹ́ béèrè, kò rí ìdáhùn, ó wá rò pé ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé wá. Láísẹ́nsì tuntun ì bá kọ̀ bákan náà, owó ì bá sì ṣòfò. Wọ́n fi log àti fáìlì tí wọ́n kà jáde láàárọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ta irinṣẹ́, wọ́n wọ ipò ìdápadà tó wà lórí irinṣẹ́ náà, wọ́n dá ètò ilé-iṣẹ́ padà, nọ́ńbà sáṣíì sì yọjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni bàbá náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì láìṣiṣẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ó máa wá ọpọlọ tòkunbọ̀ kiri. Ohun tó gba wọ́n là ni fáìlì àárọ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé sínú ọpọlọ ọkọ̀ láìkọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè é nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí a kò lo èyí tí wọ́n ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń tà nínú fláàṣì ní ìdí ọjà. Yàtọ̀ sí pé olè ni, ẹ ronú ohun tí ẹ ń ṣe: ètò tí ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ ti dà rú, tó ní kí ẹ pa ẹ̀rọ tí ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà kí ó tó lè ṣiṣẹ́, òun ni ẹ fẹ́ fi pa ọpọlọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ rẹ́. Bí ó bá dúró ní ìdajì, kò sí ẹni tí ẹ óò fi log ránṣẹ́ sí.

Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo èyí kò ní ṣiṣẹ́, tí aṣọ́lé fúnra rẹ̀ kò dáhùn. Ẹ ṣàyẹ̀wò iná àti ilẹ̀ tó ń wọ inú àpótí náà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àpótí náà ti ń ṣàìsàn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ní 2010, Toyota pe Corolla àti Matrix ti ọdún 2005 sí 2008 tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nítorí pé ibi tí wọ́n fi òjé jó nínú ọpọlọ wọn lè sán. Irú Corolla yìí ni ó kún títì wa. Bí òjé bá ti sán, ẹ lè kọ̀wé títí di ọ̀la, kò ní dúró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ gbé e fún, òun ni yóò ṣí i lórí tábìlì, tí yóò bá ẹ̀rọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tààrà.

Bí ìkọ̀wé bá wá parí dáadáa, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ fún ìwọ̀n àkókò tí irinṣẹ́ sọ, ẹ tún un ṣí, ẹ pa àwọn àṣìṣe tó wà nínú àwọn ọpọlọ yòókù rẹ́, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ti ń kígbe pé ẹ́ńjìnnì sọnù. Ẹ ṣáná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi gbóná, kí ó tún mi ara rẹ̀ mọ̀. Ó lè máa gbọ̀n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó ni ọkọ̀ kí ó tó wọlé sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìsọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà sáṣíì, nọ́ńbà ara àpótí náà, orúkọ fáìlì àtijọ́ àti tuntun, àti nọ́ńbà láísẹ́nsì sí i pẹ̀lú bírò.